Ọlọ tí Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

"Ó ń jò," Ẹlẹ́rìí wí.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀sán ti pọ́n. Kò gbóhùn sókè, kò sì mirí, kò kúkú ní orí tí ì bá mì. Ẹsẹ̀ irin mẹ́ta ló fi dúró láàárín àgbàlá Ilé Ìlọ̀, ó ga tó òbúkọ tó ti gbó, ó sì na ọwọ́ tín-ín-rín méjì mú àwo funfun kan lọ́tùn-ún lósì, bí ìyàwó tuntun ṣe ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún ìyá ọkọ.

"Ó ń jò báwo?" Làmídì tó ń tọ́jú iléru bi í. "Ṣé agbọ̀n ni? Àwo tí mo fi ọwọ́ ara mi sun, tí mo fi èékánná kàn tó ń dún bí agogo?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Mànàmáná tí mo rọ sínú rẹ̀ láàárọ̀, ìdajì rẹ̀ ti sá lọ. Àwo tí yóò máa fa omi gun òkè gbọ́dọ̀ di tirẹ̀ mú títí oòrùn yóò fi tún yọ."

Gbogbo ènìyàn ni Ẹlẹ́rìí ń pè ní "ẹ̀yin bàbá." Àwọn tó ṣe é nílùú ńlá kò mọ bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ ní ẹni tó jẹ́ àgbà àti ẹni tó jẹ́ ọmọdé, wọ́n bá ní kó máa bọ̀wọ̀ fún ẹni gbogbo, wọ́n sì fọwọ́ nù. Bó bá pàdé ìyá tó pọn ọmọ, a kí ìyá ní bàbá, a kí ọmọ ní bàbá. Bó bá pàdé ewúrẹ́ pàápàá, ó máa ń ṣiyèméjì díẹ̀ kó tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọyẹ́ ti mú gan-an ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́. Àwọn àwo àtijọ́ tó wà nílé omi ti gbó; mànàmáná tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oòrùn kì í pẹ́ lára wọn mọ́. Omi á gùn dé agbedeméjì òkè, á mí hẹ̀lẹ̀, á padà sẹ́yìn. Àwọn tó ń gbé lókè ti ń gbé garawa sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò bí ìgbà láéláé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ń gbé òkúta tí wọ́n fi ń mọ àwo wá láti etíkun, gbogbo èyí tó dé lọ́dún yìí ló sì wà nínú àgbá Ilé Ìlọ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Bí èyí bá bàjẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

Ọwọ́ kẹta jáde láti ikùn Ẹlẹ́rìí, búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà pupa ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fa ìlà kan sójú àwo náà, ó yí padà, ó rìn ká-ká-ká lọ sídìí iléru, ó sì fa ìlà kan síbẹ̀ náà.

"Inú àwo náà kò dọ́gba," ni ó wí. "Àwọn hóró kan wú bí ẹ̀wà tó rin jù, àwọn kan kò dàgbà rárá, ihò wẹ́wẹ́ sì wà láàárín wọn. Iná ló máa ń fa irú èyí. Gẹ́gẹ́ bí òfin Àjọ Àwọn Ìlú, olùtọ́jú iná yóò fi ọ̀pá ìkoná sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Ẹnu Làmídì là sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ Làmídì mọ̀ pé ẹnu yẹn kì í là sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

"Iná?" ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Iná tèmi? Òfin ní kó pọ́n bíi pupa ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe dá a! Ìwọ òbúkọ aláìníwo yìí, bí mo bá…"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá."

"Bàbá ta ni? Bí mo bá bí irú ẹ, màá gbé e padà fún ìyá rẹ̀!"

Àwọn tó wà ní àgbàlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìbíyẹmí kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín rárá. Ẹnu ọ̀nà ọlọ ló dúró sí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni àgbá ńlá ti ń yí, tí àwọn ọta funfun ń ta kóókóó nínú rẹ̀, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń já bọ́, wọ́n ń fọ́ ìyẹ̀fun òkúta sí wẹ́wẹ́. Ó ti ń yí láti ọjọ́ tí Bàbá Ògúnmódẹdé, olórí Ilé Ìlọ̀, ti kú, kò sì tíì sinmi.

Èmi yóò sọ bó ṣe jẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ á rò pé wèrè ló ń ṣe ìlú náà. Ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, bí olórí Ilé Ìlọ̀ bá kú, ọlọ kò gbọdọ̀ dákẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi bò ó. Wọ́n ní ìró ọlọ ló ń sọ fún òkú pé iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a kú. Láfún ni wọ́n ń lọ̀ nígbà tí àṣà yìí bẹ̀rẹ̀. Láfún, bó ti wù kó kúnná tó, láfún náà ni. Kò sí ẹni tí í bínú sí láfún tó kúnná jù. Kódà ìlú náà ń fi kíkúnná yangàn. Bí wọ́n bá fẹ́ yin awọ ara ọmọ tuntun, wọ́n á ní ó jọ láfún ìlọ̀ kẹta. Nígbà tí ayé yí, tí wọ́n kúrò lórí láfún bọ́ sórí ìyẹ̀fun òkúta, wọ́n gbé àṣà náà dání. Kò sí ẹni tó bi òkúta léèrè bóyá ìwà rẹ̀ àti ìwà ẹ̀gẹ́ bára mu.

Àwọn tó kú tẹ́lẹ̀, kíákíá ni wọ́n ń sin wọ́n. Ti Bàbá Ògúnmódẹdé ló yàtọ̀. Ògúnṣẹ̀yẹ, àkọ́bí rẹ̀, ń gbé nílùú tí wọ́n kọ́ sójú òkun. Eruku ọyẹ́ sì ti dí ojú ọ̀run, ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra. Òkú wà nínú yàrá òtútù, ó ń dúró de ọmọ. Ọlọ sì ń yí.

Ìbíyẹmí, tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, tí wọ́n sì fi jẹ olórí lẹ́yìn rẹ̀, ti fọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà láàárọ̀. Ó fi pa ẹ̀yìn ọwọ́. Ìyẹ̀fun tó dára a máa yọ̀ dànù bí omi. Èyí lẹ̀ mọ́ awọ, ó ṣù jọ bí àwọn ọmọ tí òtútù ń mú. Àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣú, funfun rẹ̀ ti dà bí aṣọ tí wọ́n fi eérú fọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé eruku ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá ń wá irọ́ tí yóò pa fún ara rẹ̀ kì í rìn jìnnà.

Ní báyìí, ó ń wo Làmídì tó jókòó lórí àpótí, tó gbé ọ̀pá ìkoná lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Bí òun bá dákẹ́, Làmídì lọ. Bí òun bá sọ̀rọ̀, ọlọ gbọ́dọ̀ dúró, òkú kò sì tíì wọlẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí," ó pè. "Wo ìyẹ̀fun fún mi."

"Olórí Ilé Ìlọ̀ nìkan ló lè béèrè. Èmi kì í ṣí ìkòkò tí onílé kò ní kí n ṣí."

"Èmi ni onílé."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá."

Ó gbé igbá méjì jáde. Ìyẹ̀fun tí wọ́n bù pamọ́ kí Bàbá tó kú ló wà nínú ọ̀kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bù lẹ́nu àgbá ló wà nínú èkejì. Ẹlẹ́rìí ki ọwọ́ bọ igbá àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ kan sì jáde láti àyà rẹ̀ bọ́ sára ògiri. Àwọn ìlà yọ nínú rẹ̀, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga, wọ́n dúró ṣánṣán bí igi ọ̀pẹ lóko ẹni tó mọ oko í ṣe.

Ó ki ọwọ́ bọ igbá kejì. Àwọn ìlà náà tún yọ, ààyè kan náà ni wọ́n dúró sí, ṣùgbọ́n wọ́n ti kúrú, wọ́n sì ti wú nídìí, bí òkìtì ọ̀gán tí òjò pa. Ìlà kékeré kan sì yọrí láàárín wọn tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Àlejò wo nìyẹn?" Làmídì bèèrè. Ó ti dìde.

"Ara ọta ni. Bí ọta ṣe ń lọ ìyẹ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ̀fun ń lọ ọta, ẹ̀yin bàbá. Nínú hóró kọ̀ọ̀kan, ohun kéékèèké tò lẹ́sẹẹsẹ. Títò yẹn ló ń jẹ́ kí àwo di mànàmáná mú. Bí ọta bá lù ú níwọ̀n, hóró á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí ọta kò bá dẹ́kun lílù, títò náà á wọ́, á daríkodò."

"Ṣé ó ti bàjẹ́ tán?" Ìbíyẹmí bèèrè.

"Kò tíì tán. Ohun tó wọ́ lè tún ara rẹ̀ tò nínú iná. Àlejò yẹn ni iná kò lè lé jáde. Ó ṣì kéré báyìí. Bí ọlọ bá yí mọ́jú, àlejò á fẹ́ pọ̀ ju onílé lọ."

Làmídì kọjú sí Ìbíyẹmí. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láàárọ̀."

"O wá dúró síbẹ̀ yẹn, ò ń wò mí, òbúkọ irin ń kùn mí lọ́dà?"

"Mo ti sọ ọ́ báyìí, Bùrọ̀dá."

"Ó pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà," ni Làmídì wí, "ṣùgbọ́n ó dé. Lọ bá Màmá."

Màmá Àṣàkẹ́, ìyàwó olóògbé, wà lábẹ́ ìbòòji lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ ìsìnkú.

"Màmá, ẹ kú ìjókòó o."

"Òo, Ìbíyẹmí. Ṣé wọ́n ní ọkọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ ti gbéra?"

"Ọyẹ́ ò tíì jẹ́, Màmá. Ó ṣeé ṣe kó dé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

"Kò burú. Baba rẹ̀ kì í ṣe oníkánjú." Ó gbé etí sókè. "Gbọ́ ọ. Ó ń lọ déédéé."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ sínú èèpo ẹ̀gúsí. "Màmá, ọlọ ń pa ìyẹ̀fun náà. Bó bá yí mọ́jú, omi ò ní í gun òkè lọ́dún yìí."

Ọwọ́ ìyá dúró. "Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Ẹran irin yẹn?"

"Òun ló fi hàn mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i."

"Nígbà tí baba ọkọ mi kú, ọlọ yí. Ibi tí mo jókòó sí yìí náà ni mo jókòó sí tí mò ń gbọ́ ọ. Ṣé tèmi ló wá yẹ kó sùn nínú ìdákẹ́, bí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ rí?"

"Láfún ni wọ́n ń lọ̀ nígbà náà, Màmá."

"Ṣé ìwọ ni wàá sọ fún mi pé láfún ni? Ta ló ń rò ó fún ẹ jẹ tí o fi dàgbà tó báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá." Ó dorí kodò. Lẹ́yìn náà ó ní: "Nígbà tí Bàbá ń kọ́ mi níṣẹ́, wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tan ọlọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tí kò lè tan ọlọ. Wọ́n ní kí n gbé etí lé àgbá, kí n máa sọ ìgbà tó bá tó. Bí mo bá ní ó tó, wọ́n á ní kò tíì tó. Bí mo bá ní kò tíì tó, wọ́n á ní ó ti kọjá, wọ́n á sì fi ìka ta mí létí. Màmá, iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ jù nìyẹn. Ìgbà tó yẹ kó dúró ni wọ́n mọ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá arúgbó láìjẹ́ pé ó fẹ́. "Ìka yẹn! Ó ta èmi náà létí, nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun tí mo lọ gbé omi sórí iná tí mo gbàgbé." Ẹ̀rín náà pẹ́ lójú rẹ̀ díẹ̀, ó sì kúrò. Ó mú ẹ̀gúsí kan, ó bó o, ó sọ ọ́ sínú abọ́.

"Èmi ò ní ní kí o dá a dúró," ni ó wí. "Ọkọ mi ni. Èmi ò sì ní ní kí o má dá a dúró. Omi ni. Alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ."

Ìbíyẹmí dìde. Kò gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò ní orúnkún. Ó padà sínú Ilé Ìlọ̀, ó gbé etí lé àgbá bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó gbọ́ bí ọta ṣe ń rún ìyẹ̀fun. Ó ní, "Bàbá, ó ti kọjá." Ó fa irin tó ń dá ọlọ dúró sílẹ̀.

Àgbá yí lẹ́ẹ̀kan sí i, ọta kan já bọ́, òmíràn já bọ́, ó sì parí.

Kí ó tó jáde, àgbàlá ti kún. Wọ́n ń sá bọ̀ láti gbogbo igun, àwọn kan ṣì mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Wọ́n ti sin Bàbá ni?"

"Wọn ò tíì sin ín!"

"Háà! Ta ló pa ọlọ?"

"Òkú ò tíì wọlẹ̀, ẹ ti já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀! Ẹ ò ní í fara re lọ!"

"Èmi ni," Ìbíyẹmí wí. "Èmi nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó ráyè bú mi tán lónìí, torí lọ́la mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

"A ó bú ẹ dáadáa," ìyá kan dáhùn láti ẹ̀yìn, "má ṣèyọnu."

Ẹlẹ́rìí gba àárín wọn kọjá, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ó nu ọ̀dà pupa kúrò lára iléru. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Ilé Ìlọ̀, ó sì fa ìlà náà sára ìlẹ̀kùn, ó gùn, ó ṣe gbàgbàrà, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè rí i títí ọdún yóò fi yí po. Ìbíyẹmí dúró tì í títí ó fi kùn ún tán.

Làmídì nìkan ni kò wo ìlẹ̀kùn náà. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí igbá, ó ń fi ìyẹ̀fun pa ọwọ́.

"Mo ti mọ ohun tó ṣe àwo mi," ni ó wí. "Ẹ wo bí èyí ti wẹ́ tó. Iná tí wọ́n fi ń jó ìtì igi, bí wọ́n bá da èérún igi sínú rẹ̀, ṣé wọ́n tún ń wá a? Hóró wọ̀nyí tètè gbọ́ iná ni. Èyí tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ti gbé aládùúgbò rẹ̀ mì, ó wú, ó fi ihò sílẹ̀ sẹ́yìn. Iná ẹyin adìyẹ ti le jù fún un."

"Kí ni ká wá dá?" Ìbíyẹmí bèèrè.

"Iná tó pọ́n bí ẹyìn. Kó rẹlẹ̀, kó pẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wọ́n jọ kọjú sí Ẹlẹ́rìí. Ó ṣiyèméjì, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe fún ewúrẹ́.

"Òfin sọ àwọ̀ iná fún ìyẹ̀fun tí wọ́n lọ̀ níwọ̀n," ni ó wí. "Èyí ti kọjá ìwọ̀n. Òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

"Ó dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, ẹ̀yin bàbá."

"Ibi tí òfin bá ti dákẹ́ ni mo ń pè nílé," Làmídì wí, ó sì ká apá aṣọ.

Ẹni tó bá rí iná tí Làmídì dá yẹn á rò pé ó ń tọ́ ọmọ aláìsàn ni. Kò jẹ́ kó gbóná, kò jẹ́ kó rẹ̀. Bó bá fẹ́ pọ́n ju ẹyìn lọ, á bú u, á gbé eérú lé e. Ìbíyẹmí ló ń gbé oúnjẹ fún un, kò sì sẹ́ni tó kí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, àfi Ẹlẹ́rìí. Àwọn ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ara àgbá ti dúdú jù. Àlejò ti gba ilé níbẹ̀, wọ́n kó wọn sọ́tọ̀, wọ́n ní wọn yóò fi tẹ́ ilẹ̀ ọjà. Ìyókù ni wọ́n mọ di àwo.

Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ tutù, Ẹlẹ́rìí rọ mànàmáná sínú rẹ̀, ó sì dì í mú, ó dúró lójú kan náà títí ilẹ̀ fi ṣú tí ilẹ̀ sì fi mọ́. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n bá a níbẹ̀ pẹ̀lú eruku ọyẹ́ lára. Ìbíyẹmí ló bèèrè bó ṣe rí.

"Kò jò," Ẹlẹ́rìí wí. "Ohun tí mo bù sí i, ó ṣì wà níbẹ̀."

Làmídì jókòó sílẹ̀ gbàgà. "Òbúkọ," ni ó wí, "wá jókòó tì mí."

Ọjọ́ tí wọ́n to àwọn àwo náà sílé omi ni ojú ọ̀run là díẹ̀, ọkọ̀ Ògúnṣẹ̀yẹ sì balẹ̀ sórí òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tó ti gbẹ. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú eruku, ọkùnrin gíga tó jọ baba rẹ̀ ní èjìká. Àwọn ará ìlú ti pé síbẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́ wà níwájú wọn, Ìbíyẹmí wà lẹ́yìn pátápátá. Ògúnṣẹ̀yẹ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Bó ti ń dìde, ó dúró ní ìdajì, ó ń tẹ́tí.

"Màmá, mi ò gbọ́ ọlọ."

Ó dìde tán, ó wo àwọn ará ìlú.

"Ṣé ẹ ti sin bàbá láìdúró dè mí ni?"

"Bàbá rẹ ń dúró dè ọ́," Màmá wí.

"Kí ló wá pa ọlọ mọ́ wọn lórí? Ta lẹni náà?" Ohùn rẹ̀ ti ń ga. Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í la àwọn ènìyàn kọjá bọ̀ níwájú. Kí ó tó dé ibẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́ ti yí ẹnu ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀rọ náà wúkọ́. Ó tu afẹ́fẹ́, ó tu ìpẹtà pupa, ó tún wúkọ́ bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú àwùjọ. Àwọn tó mú garawa dání sún mọ́ ọn. Omi sì bọ́, ó kọ́kọ́ dọ̀tí, ó mọ́, ó ń dà ṣọ̀ọ̀ṣọ̀ọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì padà sẹ́yìn.

Ẹnìkan ké lẹ́yìn, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún. Ìyá arúgbó di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú bó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ọmọ rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ.

"Ẹni náà nìyí," ni ó wí. "Wàá bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Bu omi yìí kí o fi wẹ ojú, Ògúnṣẹ̀yẹ. Eruku pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a lọ gbé bàbá rẹ."